Ọjọ́ Wo Ni Ọjà Tún Bọ́ Sí?

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Olóòtú ní kí n tún un kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò, mo kọ́kọ́ rò pé ṣe ni wọ́n ṣi nọ́ńbà pè. Ẹ̀yin tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà mọ̀ mí dáadáa. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo lọ kọ́ ní poli, ara ohun tó sì sún mi débẹ̀ ni pé mò ń sá fún máàsì. Àmọ́ ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ náà ló mọ ibi tó ti ń dùn ún, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kan. JSS 2 ni mo wà. Tíṣà wa kọ ọ́ sójú pátákó pé wọ́n ń ná ọjà kan ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ wo ni wọn yóò tún ná an? Inú mi dùn dé ẹ̀yìn ọrùn. Èmi tí mo máa ń ru igbá tẹ̀lé ìyá àgbà lọ sọ́jà ọrún! Mo kọ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ìwé padà dé, wọ́n fa bírò pupa kọjá lórí rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni tíṣà ń fẹ́. Mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ Ẹtì ni." Mo sì ń fi ìka kà á fún wọn: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Pàṣán mẹ́fà ni mo jẹ. Mẹ́ta jẹ́ nítorí pé mo bá àgbà jiyàn, mẹ́ta yòókù nítorí pé mo sọ fanákúlà nínú kíláàsì. Nígbà tí mo délé tí mo rojọ́ fún ìyá àgbà, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní, "Ṣé tíṣà yín ò lọ sọ́jà rí ni?"

Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí n tó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ṣì í nínú àwa méjèèjì. Ọ̀nà tí a gbà kà á ló yàtọ̀. Àwa Yorùbá, bí a bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni a ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ìjẹta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn bí òyìnbó ṣe ń kà á. Òní, àná, ìjẹta, ó di mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ẹ mọ̀ ọ́n: ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kan Olúwa mọ́ àgbélébùú, ọjọ́ Àìkú ló jíǹde, Bíbélì sì ní ọjọ́ kẹta ni. Ẹ̀dá tó bá fẹ́ kà á bíi ti tíṣà mi, ọjọ́ Ajé ni Àjíǹde rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Òyìnbó ń ka àlàfo tó wà láàrin ọjọ́ sí ọjọ́. Àwa ń ka àwọn ọjọ́ náà fúnra wọn. Ẹ ri òpó márùn-ún mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, àlàfo mẹ́rin péré ni ẹ ó rí láàrin wọn. Gbogbo káfíńtà mọ èyí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó ń kó àwọn ọmọ tó ń ṣe máàsì ńlá àti àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sí wàhálà títí dòní. Ohun iyebíye ló bọ́ sí tíṣà mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Báwo lo ṣe rí Ẹtì?", kíláàsì wa ì bá ti kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní gbàgbé. Ohun tí gbogbo wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí èèyàn dákẹ́.

Ẹ wo ibi tí kò bá gbé e dé. Ọrún jẹ́ ọjọ́ márùn-ún lẹ́nu wa, mẹ́rin ni àlàfo rẹ̀. Ìsán jẹ́ mẹ́sàn-án, àlàfo rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Ìtàdógún jẹ́ mẹ́tàdínlógún, àlàfo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: àwọn baba wa tó ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ àti èésú ní ìsán àti ní ìtàdógún kò ṣèèṣì mú iye wọ̀nyí, ṣe ni wọ́n fẹ́ kí ìpàdé máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà kan náà. Ẹ wá bi ọmọ JSS léèrè pé bí ọjà ọrún bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ìgbà wo ni yóò tún bọ́ sí Àìkú? Mẹ́rin àti méje ló ń lọ pọ̀, àfi lẹ́yìn ọjọ́ 28. Gbogbo ìyá tó ń ná irú ọjà bẹ́ẹ̀ tó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé wa, orúkọ òyìnbó gbọọrọ kan ni wọ́n fún un, a sì há a sórí bí ẹni ń há àdúrà.

Ẹ má rò pé ìyá àgbà nìkan ni mo wá gbé lárugẹ. Òótọ́ ni pé kíkà Yorùbá le. Ẹ mú 47. Ẹ̀tàdínláàádọ́ta: mú mẹ́ta kúrò nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, mẹ́wàá ni wọ́n mú kúrò nínú ọgọ́ta, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Kí ọmọdé tó pe nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó ti ṣe ìlọ́po lẹ́ẹ̀kan, ó ti yọ kúrò lẹ́ẹ̀méjì. Kò bá nọ́ńbà tí a ń kọ sínú ìwé mu rárá, mi ò sì bá àwọn tó ní kó le fún ọmọ kékeré jà. Ọmọ tèmi gan-an, tó bá ka Yorùbá dé ẹ̀wá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Owó ẹyọ la fi ń ka nǹkan tẹ́lẹ̀: ogójì ẹyọ nínú okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ìgbà yẹn ti lọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ẹ ní kí ọmọ fi 6 sọ 98 di púpọ̀. Bí iléèwé ṣe kọ́ wa, mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta, kọ mẹ́jọ, gbé mẹ́rin lọ sókè, ibẹ̀ sì lèmi ti máa ń gbàgbé mẹ́rin tí mo gbé. Kí ni 98 lẹ́nu wa? Èjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é: ọgọ́rùn-ún mẹ́fà jẹ́ ẹgbẹ̀ta, méjì mẹ́fà jẹ́ méjìlá, ẹgbẹ̀ta dín méjìlá. 588. Kò sí pẹ́ńsù, kò sí bébà. Nígbà tí náírà dé lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àwọn ìyá wa ò dá ọjà dúró. Títí ìyá àgbà fi kú, bí mo bá ní ₦50, pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ń pè é, kí n tó ṣẹ́jú.

Oṣù tó kọjá ni mo lọ sí iléèwé wa láti lọ ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn yìí. Lẹ́yìn ìparí iléèwé, mo rí ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta ẹyin sísè, yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. ₦250 ni ẹyin kan. Mo ní kó fún mi ní méje, mo mú ₦2,000 jáde. Kí n tó gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti na ₦250 sí mi. Mo ní, báwo lo ṣe ṣe é? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin ẹgbẹ̀rún kan, méjì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó wá ku ẹyọ kan." Mo wá kọ 250 sínú ìwé mi, mo kọ 7 sábẹ́ rẹ̀, mo fún un ní bírò. Ó ronú títí, ó fún mi ní 14350. Ẹ ò rí i, kò gbé mẹ́ta lọ sókè, ó kọ 35 sílẹ̀ bó ṣe rí. Mo bi í pé ṣé ó lè gba iye owó yẹn lọ́wọ́ oníbàárà fún ẹyin méje. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá o! Ìyẹn máàsì ni, èyí ọjà ni."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan. Ní Recife, ní Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà wà, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tọ àwọn ọmọ márùn-ún tó ń tajà lójú pópó lọ, àwọn ọmọ ọdún 9 sí 15. Ọdún 1985 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Nídìí ọjà, nínú ìbéèrè ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ náà ń gba nǹkan bí 98. Wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà wá fún wọn lórí bébà láìsí ọjà nínú rẹ̀, wọ́n gba nǹkan bí 37. Ọ̀kan nínú wọn ń ta àgbọn, 35 cruzeiro ẹyọ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́wàá. Iléèwé á ní kó fi òdo sí ìdí 35. Ọmọ náà ò ṣe bẹ́ẹ̀: mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta mìíràn, ó di 210, ó ku mẹ́rin, títí ó fi dé 350. Mẹ́ta mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n tà.

Nílé wa níbí, ẹnìkan ti gbìyànjú. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì ní tíṣà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Lẹ́yìn náà, obìnrin ará Australia kan, Helen Verran, wá ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2001. Ó ti fi han àwọn olùkọ́ bí ọmọ ṣe máa fi okùn wọn gíga ara rẹ̀, kó wá na okùn náà sórí rúlà. Olùkọ́ kan dé kíláàsì tirẹ̀, kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó gé páálí kéékèèké tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó ní kí àwọn ọmọ máa ká okùn mọ́ ọn, kí wọ́n ka iye ìgbà, kí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n wá fi èyí tó ṣẹ́kù kún un. Ó rú obìnrin náà lójú, àmọ́ àwọn ọmọ gbọ́ ọ yé. Olùkọ́ yẹn ti mú gígùn, ó dì í ní ìdìpọ̀ bí àwa ṣe ń di ogún àti igba. Irú ọgbọ́n yẹn kò sí nínú ìwé kankan tí ìjọba fún un.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí nísinsìnyí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e, kí gbogbo rẹ̀ padà di Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò wá bá ìjọba jà níbí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sófin tó ní kí tíṣà má béèrè bí ọmọ ṣe rí ìdáhùn rẹ̀, kò sì sófin tó ní kí ọpọ́n ayò má wọ kíláàsì. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48. Ẹni tó fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ mọ ilé tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí kó tó gbé e, kí ilé náà sì di méjì tàbí mẹ́ta. Ìṣirò orí pọ́ńbélé nìyẹn. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà ní ìdajì èso mẹ́jọ, ojú méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ sọ méjì di ìlọ́po méjì títí yóò fi pé mẹ́jọ, ẹ ó bá 256 pàdé, iye odù Ifá. (Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ fara balẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dá Ifá.)

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé owó tí ẹgbẹ́ ń dá lọ́wọ́, géètì ńlá ni wọ́n fẹ́ fi kọ́, kí wọ́n kọ orúkọ wa sí i. Géètì dára. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a mú ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sọ́tọ̀ fún yàrá ìṣirò kan: ọpọ́n ayò, òṣùwọ̀n, kóńgò, okùn, káàdì alájọ. Lẹ́yìn náà, kí àwa fúnra wa máa lọ, ẹnìkan ní oṣù kan. Télọ̀ wà láàrin wa, káfíńtà wà, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gba àjọ wà. Kí wọ́n lọ fi iṣẹ́ wọn han àwọn ọmọ, kí tíṣà ìṣirò jókòó tì wọ́n, kó kọ ọ́ sójú pátákó bí ìwé ṣe ń kọ ọ́. Kò ní gba ju wákàtí kan lọ. Àwọn tíṣà tó wà níbẹ̀ ní iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́, a ò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Káfíńtà kan nínú sẹ́ẹ̀tì mi ti ní òun máa gbẹ́ ọpọ́n mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́, kí a ṣáà wá pákó. Mo ti bá ọmọ tó ń ta ẹyin sọ̀rọ̀, ó ní bí ọjà bá wọ inú máàsì, òun á jókòó níwájú.

Alága ti gbà kí ìgbìmọ̀ jíròrò ọ̀rọ̀ owó yìí nínú ọgbà iléèwé, ní ọjọ́ kẹjọ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yìí bá jáde, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ ka ọjọ́ tó jáde mọ́ ọn o.