Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Owó Ìjọba àti Iṣẹ́ Ọnà Òde Òní ní Ìfọ̀nyìn



Ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó tí ìjọba fi ń ran ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà òde òní lọ́wọ́: fọ́tò, àwòrán, ère tí wọ́n fi ohun àlòkù ṣe, àti fídíò. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá gan-an, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ kẹ́ẹ̀gì epo. Ó pẹ́ tí a ti ń rí àwọn alálùpùpù tí ń gbé e láti ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà gba Ìgólò kọjá. Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1962, wo kẹ́ẹ̀gì yìí, ó rí ojú ènìyàn lára rẹ̀. Ó fi 304 irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá kan tó pè ní La Bouche du Roi. Ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń to ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi láyé ìjọ́un, ó sì fi fídíò àwọn tí ń fi alùpùpù gbé epo kún un. Ní ọdún 2007, British Museum pàtẹ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún kan náà, iṣẹ́ Hazoumè mìíràn gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní ìpàtẹ documenta ní ilẹ̀ Jámánì.

Ní ọdún 2024, orílẹ̀-èdè wa ní àyè tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìpàtẹ ńlá ti Venice ní Ítálì. Ìjọba wa ló gbé e lọ. Azu Nwagbogu, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣètò ìpàtẹ náà; Hazoumè, Ishola Akpo, Moufouli Bello àti Chloé Quenum ló ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún aráyé, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa yìí, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ogún gbogbo ènìyàn ni. Ìpàtẹ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní Kùtọnu ní ọdún 2022, níbi tí wọ́n ti fi ìṣúra 26 tí Faransé dá padà hàn pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní, kó èrò tó lé ní 200,000. Lẹ́yìn náà, apá ti òde òní rẹ̀ lọ sí Rabat, ó dé Martinique, ó sì dé Paris.

Inú mi dùn sí gbogbo èyí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: Kùtọnu, Venice, Rabat, Paris. Orúkọ Ìfọ̀nyìn kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì kò tíì rí ohun tí kẹ́ẹ̀gì dà. Bàbá tó ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò rí ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ dé. Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: ìpàtẹ tí wọ́n fi owó ìlú ṣe kò tíì parí bí àwọn tí wọ́n mú ọgbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kò bá rí i.

Owó náà kì í ṣe ohun tuntun. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti dá Fonds d'aide à la culture sílẹ̀. Láyé Ààrẹ Boni Yayi, wọ́n gbé e dé bílíọ̀nù kan sẹ́fà, èyí tí àwọn òṣèré ń pè ní milliard culturel. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣàròyé nígbà náà pé wọ́n pín in wẹ́wẹ́ títí kò fi hàn lójú iṣẹ́. Lónìí, a ní ADAC, àjọ ìjọba tó wà fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n òfin kan kì í yí: ẹni tó bá fẹ́ owó ìlú gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀, iye tí yóò ná, ẹni tí yóò wò ó, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ yóò mú wá. Ariwo nìkan kì í gba owó. Ìwé ló ń gbà á.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, “Olùkọ́, ọ̀nà wa kò dára, omi kò tó, yàrá ìkàwé kò tó, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ fọ́tò.” Ọ̀rọ̀ gidi ni. N kò ní kí a mú owó omi ra férémù. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún àṣà kò ní di kànga bí a kò bá béèrè rẹ̀. Ìlú mìíràn ni yóò gbà á. Owó orí àti owó ọjà tiwa náà wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí ń ya fídíò lórí tẹlifóònù níbi ọdún yìí kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Kí a kọ́ wọn, kí wọ́n lè fi jẹun. Ẹ má sì gbàgbé pé àgbà kan tó bá lọ, ó lọ pẹ̀lú orin ẹ̀fẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ní àsìkò ọdún tó ń bọ̀, kí a ya yàrá ìkàwé mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìpàtẹ. Kí ọ̀kan jẹ́ ti fọ́tò àwọn ọ̀dọ́ wa, ọ̀kan ti àwọn agbẹ́gilére, ọ̀kan ti oníṣẹ́ ọnà kan tí a pè láti Àjàṣẹ́. Lálẹ́, kí a ta aṣọ funfun, kí a fi fídíò hàn fún gbogbo ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Kí kọ́múnù fi iye kan, bó ti wù kó kéré mọ, sínú ètò ìnáwó ọdọọdún rẹ̀. Ìyẹn ni a ó fi hàn ní Kùtọnu pé a ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wa tún ìwé rẹ̀ ṣe, kí a yan ènìyàn márùn-ún, obìnrin méjì ó kéré tán, láti kọ ìwé ìbéèrè náà. Bí owó bá dé, kí a lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ògiri kọ́múnù níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Ohun kan ṣoṣo ni kí a ṣọ́ra fún. Kì í ṣe gbogbo ohun ni à ń yà ní fọ́tò. Ohun tí ó jẹ́ awo, awo ni yóò máa jẹ́. Kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí a sì tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá sọ, bí ẹni tó fún wa lówó tilẹ̀ fẹ́ rí i.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ní owó, kò ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwa ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a kò lówó. Kí ọ̀kan jẹ́ ọwọ́ fún èkejì.

Ìfọ̀nyìn á gbèrú o. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ọdún láyé.