Jíà Ni Kí Ẹ Fi Sọ̀kalẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa tó ń ti Jos lọ sílé ló ń sọ̀kalẹ̀ ní Hawan Kibo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ńṣe ló ń sun ún. Bó bá gbóná jù, kò ní mú mọ́. Bí òróró inú rẹ̀ bá hó, ẹsẹ̀ yóò kàn rì wọlẹ̀ ni, ọkọ̀ kò ní dúró.

Mo bẹ̀ yín, jíà tí ẹ máa fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀, ì báà ṣe ìkejì tàbí ìkẹta. Ẹ wọ inú rẹ̀ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná àti kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì yóò di ọkọ̀ mú. Bí eré bá tún pọ̀, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ kó lè tutù. Iná ẹ̀yìn tó bá tàn nígbà náà yóò kìlọ̀ fún ẹni tó ń tẹ̀ lé yín.

Àwọn kan ń fi ọkọ̀ sí fíríì nítorí epo. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí kò lo kabúrétọ̀ ló ń dá epo dúró fúnra wọn bí ẹ bá wà nínú jíà tí ẹ kò tẹ iná. Kí wá ni èrè fíríì?

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ lo bíréèkì yín. Páàdì kò wọ́n tó kílọ́ọ̀ṣì.

A ó máa lọ, a ó máa bọ̀ láyọ̀ o.