Ìgbóná Tí Ń Jẹ Oríkèé Ẹṣin
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù

 

Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ni ti ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin. Àwa tí a ń gbé òkè Ọya mọ ìdáhùn rẹ̀. Láàárín wa ni ẹni tí ń ta ọkà bàbà fún ẹlẹ́ṣin wà, ẹni tí ń ta oògùn ẹran wà, àti àwọn tí wọ́n dá owó jọ ra ẹṣin kan. Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ pàápàá, apá òkè yìí ni ó ti ń ra ẹṣin tí ó fi ń jagun. Àwa kì í ṣe dókítà, ọjà ni a ń tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ ẹṣin tí ń tiro pọ̀ níwájú wa, a lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Níbi tí eegun méjì bá ti pàdé, Ẹlẹ́dàá fi eegun rírọ̀ bo orí méjèèjì. Òun ni èyí tí ó funfun tí ó ń dán, tí a máa ń jẹ nínú ọbẹ̀, tí a ń pè ní bísíkíìtì. Ní ọ̀pọ̀ oríkèé ẹṣin, kò nípọn ju mílímítà kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹran tí ó wọn 400 kílò ń sáré lórí rẹ̀. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní collagen hun ún bí àwọ̀n, èròjà mìíràn tí ń fa omi mọ́ra sì kún àárín okùn náà. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò sì ní iṣan tí ń gbọ́ ìrora. Ohun tí kò ní ẹ̀jẹ̀ kì í tètè jinná; ohun tí kò mọ ìrora kì í ké. Bí ẹṣin bá ń tiro, àwọn ohun tí ó yí eegun náà ká ni ó ń ké.

Báyìí ni ìyọnu ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin yípo lójijì ní pápá pólò, tàbí iṣẹ́ líle ojoojúmọ́ mú kí etí eegun sán díẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo inú oríkèé a wú, a gbóná. Awọ yìí ni ó ń pèsè omi tí ń fà bí funfun ẹyin, tí oríkèé fi ń yọ̀. Nígbà tí ó bá wú, omi náà a pọ̀, ṣùgbọ́n a máa ṣàn bí omi lásán. Awọ náà a sì tú ohun kan jáde tí àwọn dókítà ń pè ní interleukin-1. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ tó láti sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì inú eegun rírọ̀ pé kí wọ́n dáwọ́ kíkọ́ dúró, kí wọ́n máa wó. Bíríkìlà tí a gbà kí ó máa rẹ́ ògiri ni ó wá gbé òòlù yẹn! Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà a tú ẹ́ńsáìmù jáde: èròjà tí ń fa omi mọ́ra ni yóò kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn náà ni yóò kan okùn collagen.

Bí ìgbóná bá tètè lọ sílẹ̀, èyí tí ń fa omi mọ́ra lè padà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí okùn collagen bá ti já lára ẹṣin tí ó ti dàgbà, kò sí ẹni tí yóò hun ún bí ó ti wà. Àfọ́kù eegun a bọ́ sínú omi, a tún mú awọ náà wú, awọ a tún tú interleukin-1 jáde. Nítorí náà ìgbóná yìí kì í ṣe àmì àrùn lásán. Òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ń jẹ eegun. Ní 2002, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Colorado State ní Amẹ́ríkà rí i lára ẹṣin pé nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà interleukin-1, eegun rírọ̀ kò bàjẹ́ tó ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin olóògùn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́. Phenylbutazone a máa dín ìrora àti wíwú kù, oògùn rere ni lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n kì í dí interleukin-1 lọ́wọ́. Ẹṣin tí ó gbà á kò tiro mọ́, olówó rẹ̀ a ní ó ti san, a sì gùn ún jáde ní ọjọ́ Sallah, nígbà tí eegun ṣì ń jẹ lábẹ́lẹ̀. Àlòjù rẹ̀ a máa dá egbò sí ikùn ẹṣin, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ti abẹ́rẹ́ tí a ń gún sínú oríkèé tilẹ̀ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Methylprednisolone ń pa ìgbóná kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá ń gún un léraléra, òun náà a máa ba eegun rírọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá sì fi abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ gún oríkèé ní ẹ̀yìnkùlé, kòkòrò tí ó gbé wọlé lè pa ẹṣin náà.

Ẹ máa fi ọwọ́ kan orúnkún iwájú àti oríkèé òkè pátákò láràárọ̀, ẹ fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Bí ọ̀kan bá gbóná tàbí tí ó wú, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún lọ́jọ́ náà. Ẹ da omi tútù sí i, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Òun ni yóò sọ ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí inú omi oríkèé ni eegun rírọ̀ ti ń rí oúnjẹ, ìrìn ni ó sì ń gbé oúnjẹ náà wọlé.

Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá ń tiro nísinsìnyí, kí ó dúró dè wá lẹ́yìn ìpàdé, kí a bá a wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ.