Ọmọ Tí A Rán Níṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a rán níṣẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ jíjẹ́ jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ Yorùbá. Bàbá á pe ọmọ, á ní: "Lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà. Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé ìpàdé ẹbí ti yẹ̀ di ọ̀túnla, kí wọn má sì gbàgbé ìwé ilẹ̀. Kí o gbọ́ èsì bọ̀." Ẹ wo ohun tí ọmọ náà ní í ṣe. Yóò kọ́kọ́ tẹ́tí, nítorí bàbá lè má tún un sọ. Yóò fi ọ̀rọ̀ náà sínú, yóò rìn kọjá níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ó bá débẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀; bí ó bá jẹ́ obìnrin, yóò kúnlẹ̀. Yóò wo ìṣesí àgbà náà, bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ó rẹ̀ ẹ́, kí ó tó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò gbé èsì wá sílé láìyọ kúrò, láìfi kún un. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí yóò fi tọmọ jẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká ti GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, fóònù ni ó ń jẹ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ọmọdé ń jẹ́. Oore ńlá ni ó ṣe wá. Aláìsàn ń rí ẹni pè lóru. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwa tí à ń lo asọ̀rọ̀mágbèsì kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ohun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ lè gba ẹ̀kọ́ inú iṣẹ́ náà lọ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun mẹ́ta wò.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ kíkọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1992 ni a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kíkọ ránṣẹ́ sórí fóònù alágbèéká, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà 160 péré ni iṣẹ́ kan ń gbà, nítorí náà ni àwọn èèyàn fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ní tiwa, àmì ohùn ni à ń gé sọnù. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé "Baba ra oko," kí ni bàbá rà? Ṣé oko tí a ń ro ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀ débẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ohùn mi mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó ń kà á kò lè mọ̀.

Èkejì ni mímọ ojú. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles tẹ ìwádìí kan jáde. Ọmọ 51 lọ lo ọjọ́ márùn-ún ní àgọ́ kan láìsí tẹlifísọ̀n, kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Àwọn 54 mìíràn ń bá ìgbésí ayé wọn lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí a dán wọn wò bóyá wọ́n lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni láti ojú rẹ̀, àwọn ará àgọ́ tẹ̀ síwájú ju àwọn tó kù lọ. Ìwádìí kan kò tó fi dájọ́, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ àgbà mu: ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀kẹta ni ìfarabalẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì a máa sọ ọ̀rọ̀ kan títí yóò fi parí. Fóònù ń dún, ó ń tàn, ó ń pe ọmọ láàárín ìṣirò. Ìròyìn àjọ UNESCO ní ọdún 2023 sọ pé ó lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ìṣẹ́jú 20 kí ọkàn rẹ̀ tó padà sórí ẹ̀kọ́. Orílẹ̀-èdè Faransé ti ṣòfin ní ọdún 2018 pé kí àwọn ọmọ má lo fóònù ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele tó tẹ̀ lé e.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń kàwé, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Kí tiyín náà sì sinmi nídìí oúnjẹ. Bàbá tó ń wo fóònù nígbà tí ọmọ ń ròyìn ilé-ẹ̀kọ́ fún un kò lẹ́nu láti bá a wí. Ẹ máa fi ẹnu rán ọmọ níṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gba èsì lẹ́nu rẹ̀. Ẹ máa pa àlọ́ fún wọn: ọmọ tí a pe "Ààlọ́ o!" tí kò dáhùn "Ààlọ̀!", a mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Ẹ̀yin ọmọ, púpọ̀ nínú fóònù òde òní ní àmì ohùn Yorùbá. Ẹ máa lò ó.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kò gba èsì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lè jíṣẹ́. Lálẹ́ òní, kí olúkúlùkù ọmọ wá ẹnìkan nínú ilé tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹ kí i, kí ẹ sọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un láìwo ìwé, láìwo fóònù, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí yóò fi fèsì dé ìparí. Iṣẹ́ tí mo rán yín nìyẹn. Ó dàbọ̀ o.