Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Dì: Iṣẹ́ Thrombin àti Oró Paramọ́lẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ̀ka Kubwa

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń dá oko ní ọ̀nà Bwari. Àwọn mìíràn ń ná ọjà títí dé Gombe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni a mú wá fún yín.

Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ a ṣàn, láìpẹ́ a dì, a sì dá. Thrombin ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ́ńsáìmù ni, èyíinì ni èròjà tí ń mú iṣẹ́ yá nínú ara. Kì í dédé máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ì bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣan wa ni ì bá dí. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe prothrombin, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ fítámì K tí ó wà nínú ẹ̀fọ́. Prothrombin dà bí idà nínú àkọ̀. Nígbà tí iṣan bá ya, èròjà mìíràn a gé e ní ojú méjì, thrombin a sì yọ jáde.

Okùn méjì tí a so pọ̀ ni thrombin. Èyí kúkúrú ní amino acid 36, èyí gígùn ní 259, ó sì ká jọ bíi òṣùṣù òwú. Ní 1989, Wolfram Bode àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi ìtànṣán X-ray hàn wá pé kòtò jíjìn kan wà lójú rẹ̀. Inú kòtò náà ni ojú abẹ rẹ̀ wà, kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó lè wọ ibẹ̀. Ó ń gé fibrinogen létí, ó sọ ọ́ di fibrin. Fibrin a hun bí àwọ̀n, a sì há ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí thrombin bá so mọ́ thrombomodulin lára iṣan tí kò gbọgbẹ́, òun náà ni ó tún ń dènà dídì.

Paramọ́lẹ̀ kékeré ilẹ̀ ọ̀dàn, carpet viper, ni ó ń ba ètò yìí jẹ́. Oró rẹ̀ a fa idà yọ níbi tí kò sí ogun. Fibrinogen a tán pátá, kò sì ní ku ohun tí a ó fi hun àwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ a máa jáde ní erìgì àti ojú egbò, ó sì lè dà sínú ọpọlọ.

Ìdánwò rẹ̀ kò wọ́n. A ó da ẹ̀jẹ̀ mílílítà 2 sínú ìgò kékeré tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, a ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, a ó wá tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti ṣiṣẹ́. Ní 2010, àwọn dókítà tẹ àbájáde ìdánwò oògùn apá-oró méjì jáde, lórí aláìsàn 400 ní Kaltungo, ìpínlẹ̀ Gombe. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn padà dì láàárín wákàtí 6.

Nítorí náà, bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tí kò lè dì, ta ni yóò dá a dúró? Ẹ má fi okùn dì í le koko. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà ní ojú kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. A bẹ àwọn tí ó ní ọkọ̀ kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí a lè mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn.

A kò ní fi ẹsẹ̀ kọ o.