Kíkó Ẹrù Kì í Ṣe Ìkọ̀sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fetí sí i pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Bí obìnrin bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀, àwọn ará àdúgbò a máa wí pé, "Ó ti kọ ọkọ rẹ̀." Ní ojú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹrù kíkó nìkan kò tú ìgbéyàwó, ìbáà pé ogún ọdún.

Ta ni yóò wá tú u? Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ni yóò sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ti owó orí nìkan, ìdílé méjèèjì lè dá owó náà padà láàárín ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá wọ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé lábẹ́ òfin ìgbéyàwó, ì báà ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a gba ìwé ní kóòtù ìbílẹ̀, wọn a sì lọ ṣe ìgbéyàwó mìíràn ní ọ́fíìsì. Asán ni ìgbéyàwó kejì náà, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sì lè tẹ̀lé e.

Òfin ọdún 1970 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga ń tẹ̀lé. Bí ìgbéyàwó kò bá tí ì pé ọdún 2, ẹni tí ó fẹ́ kọ̀ ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù, àfi nínú ọ̀ràn mélòó kan bí àgbèrè. Adájọ́ kì í sì í tú ìgbéyàwó nítorí pé ìjà ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ẹnì kan bá ti sá fi ẹnì kejì sílẹ̀ fún ọdún 1, ẹ̀rí ni. Bí wọ́n bá ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2, tí ẹnì kejì kò sì takò ó, ẹ̀rí ni; bí ó bá di ọdún 3, àtakò rẹ̀ kò dí i lọ́nà mọ́. Èyí tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni pé bí tọkọtaya bá tún padà síra wọn láti gbìyànjú, tí kò kọjá oṣù 6, kò ba ọdún tí wọ́n ti kà jẹ́. A kàn ń yọ àwọn oṣù náà kúrò ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí kóòtù sá fún ẹni tí ó ń parí ìjà.

Bí adájọ́ bá tilẹ̀ ti dájọ́, oṣù 3 ní ó kéré tán ni yóò kọjá kí ìdájọ́ náà tó di àṣepé. Bí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 bá wà, kóòtù a kọ́kọ́ wádìí ètò ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwa a máa ní bàbá ló lọmọ. Adájọ́ lè gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ire ọmọ ni ó ń wò ṣáájú: bàbá lè gbà á, ìyá lè gbà á. Bí ọmọ náà bá sì dàgbà tó láti sọ tẹnu rẹ̀, adájọ́ lè pè é sí yàrá rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ.