Níbi Tí Wọn Kò Ti Mọ Ọmọ Ẹni Tí A Jẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Ìlàjẹ, Bàrígà)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ lórí òmìnira tí èèyàn máa ń rí nígbà tó bá kúrò nílé.

Ẹ rántí bí Ìlàjẹ yìí ṣe rí nígbà tí a wà ní kékeré. Tí o bá bú ọmọ ẹlòmíì létí ọ̀sà, kí o tó délé, ìyá rẹ ti gbọ́. Màmá tó ń yan ẹja lè nà ẹ́, kó tún fà ẹ́ lọ sílé kí wọ́n nà ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì! Nígbà tí mo wọ Pólì Ìbàdàn, ṣe ni mo dà bí ẹyẹ tó bọ́ nínú tàkúté. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé, "Níbo lo ti ń bọ̀?" Mo dá irun sí. Tí bàbá mi bá pè, mo lè pa fóònù.

Ó di ọjọ́ kan, ibà gbé mi ṣánlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ nínú yàrá, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Ta ni ìbá kàn án? Wọn kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ohun tí mo ń pè ní òmìnira náà ló fẹ́ pa mí. Ọmọ Bàrígà kan tó wá yá ìwé lọ́wọ́ mi ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ó wà láàárín yín níbẹ̀ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí ọmọ má kúrò nílé. Àwọn baba wa náà ló fi etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ wá sí etí ọ̀sà yìí. Àwọn tó tẹ Ayétòrò dó lọ́dún 1947 kúrò nílé kí wọ́n lè sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni, àpò kan náà ni owó ń wọ̀. Wọ́n gba òmìnira tán, wọ́n tún di olùṣọ́ ara wọn.

Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti wà ní Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ara wọn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tirẹ̀ sílẹ̀, kí a máa pè wọ́n lóṣooṣù. Kì í ṣe pé ká bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ o. Ká kàn bi wọ́n pé, "Ṣé ara le?" Bí wọ́n bá pa fóònù, ká tún pè.